Ibà Kọ́ Ló Pa Bàbá Rẹ

Agbassa, Warri.

Jídé ọmọ mi,

Kọ́kọ́ fún Yẹ́misí ní omi mu. Ó ti rìn jìnnà, ọ̀nà Benin sì kún fún eruku. Fún un ní àga tó dára, kí ìwọ náà jókòó síbi tí o ti lè rí ojú rẹ̀, kí o tó ka ìwé yìí síwájú. Mo mọ̀ pé àyà rẹ ti já bí o ṣe rí i pé ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ ni ìwé èmi ìyá rẹ ti jáde. Jẹ́ kó já. Kò ní pa ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn, nítorí náà ní sùúrù fún mi.

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé mo kàn jókòó láti kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Èkó ni. Inú ń bí mi sí ọ, ó ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ó sì ń bí mi sí gbogbo àwọn tó jẹ ìrẹsì níbi òkú bàbá rẹ tí wọ́n nu ẹnu nù. Díẹ̀ nínú ìbínú náà, ara mi ni mo ń bí i sí.

Lẹ́tà tí o kọ sí mi ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. O kọ ọ́ ní Pidgin, bí o ṣe máa ń dá mi lóhùn láti kékeré bí mo bá sọ Yorùbá sí ọ. Mo kà á sókè kí etí mi lè gbọ́ ọ: “Mama, Yemisi people go come ask about us. Abeg, if dem ask of Papa, tell dem say na fever kill am.” Mo mọ ohun tí ìwádìí jẹ́. Kò sí ilé Yorùbá tó mọ iyì ọmọ tí kì í ṣe é kí wọ́n tó fa ọmọ wọn lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Wọ́n á béèrè bóyá olè wà nínú ìdílé, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà, bóyá wèrè wà. Wọ́n ṣe tèmi náà kí bàbá rẹ tó fẹ́ mi. Mi ò bá wọn jà nítorí ìyẹn. Ìwọ ni mò ń bá jà. O ní kí n pa irọ́ mọ́ òkú, o ò sì bi mí rí, láti ìgbà tí o ti dàgbà, pé kí ló pa á gan-an.

Mo mọ ìdí tí o kò fi béèrè. O gbà pé wèrè ló pa á, o sì gbà pé wèrè náà ti ń bọ̀ wá mú ìwọ náà. Má rò pé mi ò rí ọ nígbà tí o wá sílé ní ọdún Àjíǹde. O fi ọwọ́ méjèèjì mú kọ́ọ̀bù tíì bí ọmọ kékeré. A dé ṣọ́ọ̀ṣì, o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, o sì jáde kí wọ́n tó ka ẹ̀kọ́ kìíní tán. Nígbà tí o tẹ̀lé mi lọ sí ọjà Pessu, tí àwọn ẹlẹ́ja ń pariwo, tí àwọn alábàárù ń ti ènìyàn kiri, mo rí i tí o di òpó ìsọ̀ mi mú, òógùn bò ọ́, o ń mí bí ẹni tó sáré. Mo ní, “Jídé, kí ló dé?” O ní, “Mama, e no be anything. Na the heat.” Ooru kọ́. Bàbá rẹ di férémù ilẹ̀kùn mú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní àárọ̀ tí tirẹ̀ kọ́kọ́ dé, òun náà sì ní ooru ni.

O kéré nígbà náà, ilé ìwé tí o ń gbé ní Benin kò sì jẹ́ kí o fojú rí èyí tó pọ̀ jù, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìpilẹ̀. Bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ kọngílá kan tó ń gbé páìpù epo la inú odò kọjá. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára. Ìgbà yẹn ni owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Warri. Òyìnbó kún gbogbo òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń wa mọ́tò lónìí, àwọn ará ilé wa ní Agbassa sì ń ra ẹ̀rọ amúlétutù kí wọ́n tó ra bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n sọ bàbá rẹ di fóòmàn. A jẹ, a mu, a jó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú wá gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn gan-an ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló bí àwọn ènìyàn nínú jù. Páìpù kankan kò bú, ọkọ̀ ojú omi kankan kò rì, ọ̀gá kankan kò lé e. Ó kàn jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ bàtà iṣẹ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, kò lè jáde. Ó ní àyà òun fẹ́ fò jáde, ó ní òun ń kú lọ. Mo da omi sí i lórí. Nígbà tó yá, ẹ̀rù náà kọjá, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rù náà tún dé. Láìpẹ́, ó wá di pé ẹ̀rù ń bà á pé ẹ̀rù máa bà á. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó wà lórí páìpù ló ń rò: bí òun bá ṣe àṣìṣe kan péré, ta ni yóò kú? Ó ń ro èyí tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la, ó ń ro èyí tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ń jẹ ìyà gbogbo rẹ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó gbọ́: “Ṣe ọkàn akin.” Pásítọ̀ sọ ọ́, onílé sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà, tó ń wọ bàtà rẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́, ọkàn akin wo ló tún kù tí kò tíì ṣe? Àwọn ará àdúgbò sọ tiwọn: “Oil work don enter your hand, you still dey fear?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wọlé, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, á máa wo ògiri.

Àwa Yorùbá tí a wà níbí sì tún ní tiwa. Nítorí pé ìlú onílùú ni, a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan kan nípa ilé wa. Ọmọ wa kò gbọdọ̀ ṣàìsàn àyàfi àìsàn tó ní orúkọ tó ṣeé sọ lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò lè jáde, kí n sọ pé ó rìnrìn àjò. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ìwọ náà nígbà tí o bá wálé fún ìsinmi, o sì mọ̀ ọ́n sọ dáadáa: “Papa travel.” Ọmọ tí mo kọ́ bẹ́ẹ̀ ló dàgbà tó ń kọ́ mi báyìí pé kí n sọ pé ibà ni.

Ẹja ló kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́. Má rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé ará odò ni mí, Ìlàjẹ paraku, ẹ̀yìn ilé yìí náà ni mo sì ti ń yan ẹja tí mò ń gbé lọ sí Pessu. Ní àárọ̀ kan tí kò lè lọ síbi iṣẹ́, ó jáde wá bá mi nídìí ààrò, ó ń gbọ̀n. Ọwọ́ mi dí, mi ò ráyè sọ fún un pé kó ṣe ọkàn akin. Mo kàn ní, “Bàbá Jídé, ẹ bá mi yí ẹja yẹn kó tó jó.” Ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

O mọ bí ẹja yíyan ṣe rí. Èèyàn ò lè máa ro ọ̀la nídìí rẹ̀. Bí o bá tètè yí i, awọ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ wáyà tó wà lórí iná, á ya. Bí o bá pẹ́, á jó. O gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o mọ èyí tó ti le àti èyí tó ṣì rọ̀. O gbọ́dọ̀ máa gbọ́ bí ọ̀rá ṣe ń kán sínú iná. Kí bàbá rẹ tó yí dé etí wáyà lódìkejì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ó wò mí, ó ní, “Ó ṣì wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó.” Ẹ̀rù náà ló ń sọ. Mi ò tíì gbọ́ kó sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, ó máa ń wá jókòó tì mí kó tó lọ síbi iṣẹ́. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá gbé abẹ̀bẹ̀ sókè láti fẹ́ iná, á mí sínú. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, á mí síta, jẹ́jẹ́. Bí mo bá rí i pé ọkàn rẹ̀ ti ń sá lọ síbi iṣẹ́, màá bi í pé, “Kí ló wà lábẹ́ ọwọ́ yín?” Á ní, “Ẹja. Ó gbóná. Ìrù rẹ̀ ti gbẹ.” Á sì padà wá bá mi. Àyà rẹ̀ ṣì ń já nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sá fún un mọ́. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Gbọ́ mi dáadáa, Jídé, nítorí kò sí ẹlòmíì tó máa sọ ọ́ fún ọ: ara bàbá rẹ ń yá.

Ojú àwọn ará àdúgbò kò gbà á. Fóòmàn elépo, odidi ọkùnrin, lóṣòó sídìí ààrò tí èéfín bò ó. “Mama Jide, wetin you give your husband chop?” Wọ́n ní mo ti fi oògùn sọ ọ́ di ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ dé Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbéra wá, ó bá àbúrò rẹ̀ nídìí ẹja. Kò kí i. Èmi ló kọjú sí.

Ó ní, “Ìyàwó, o ti ba àbúrò mi jẹ́. Mo sọ fún un kó má fẹ́ ará odò.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Ó ti ń sùn. Ó ti ń jẹun.”

Ó ní, “Ọkùnrin ilé wa kì í yan ẹja. Ayé ló ń ṣe é, a máa lé e kúrò lára rẹ̀.”

Bàbá rẹ dìde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù, ó sì bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kò lè wò ó lójú kó sọ pé rárá. Inú ń bí mi sí òun náà nítorí ìyẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ẹja ọjọ́ náà sì jó.

Ilé àdúrà kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń ké lé e lórí. Àyà rẹ̀ já, bó ṣe máa ń já, ó sì fẹ́ sá jáde lọ gba atẹ́gùn. Wọ́n ní ẹ̀mí burúkú ló fẹ́ sá. Wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n dè é lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ààwẹ̀ gbígbẹ sí i lọ́rùn, kò mu omi. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó. Ó mọ̀ mí. Ó bi mí pé ta ló ń yí ẹja. Wọn ò jẹ́ kí n fún un lómi. Orí rẹ̀ pé, Jídé. Ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé ni wọ́n dè mọ́lẹ̀, òǹgbẹ ló sì pa á. Wọ́n sọ fún mi pé kí n máa yọ̀, pé ó ti rí ìwòsàn gbà kó tó kú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú ibà wá. Ó ní kí gbogbo wa sọ pé ibà ni, kí orúkọ ilé má baà bàjẹ́. Òun ló ń rán ọ níwèé lẹ́yìn náà, mo sì pa ẹnu mi dé kí o lè parí ẹ̀kọ́ rẹ. Ọkùnrin kan náà ló wá ń ṣe bàbá fún ọ lórí ìgbéyàwó yìí. Òun ló kọ́ ọ ní ibà yìí, òun náà ló sì ní kí o wá bá òun lọ sí ilé àdúrà yẹn kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, kí wọ́n lè “fọ̀ ọ́ mọ́.” O kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ bí ẹni pé nǹkan kékeré ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Bíbélì Yorùbá nìkan ni mo fi mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ẹ̀rù pẹ́ jù ọ́ lọ.

Èkíní, má bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lọ síbì kankan. Bí ó bá wá mú ọ, ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ó bá ní èmi ni mo sọ ọ́ di aláìgbọràn, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbàdúrà bí o bá fẹ́, èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àdúrà tó nílò okùn.

Èkejì, pe nǹkan yìí ní orúkọ rẹ̀. Bí ó bá dé, má sọ pé ooru ni. Sọ fún ara rẹ pé, “Ẹ̀rù ni. Ó ti dé. Ó ti wá rí, ó sì lọ.” Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ikú. Ara rẹ ló ń sá fún ohun tí kò sí nínú yàrá. Mi ò ní kí o bá a jà. Bàbá rẹ bá a jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tán. Jẹ́ kó jókòó, kí ìwọ náà jókòó.

Bí o ṣe máa jókòó nìyí, má sì fojú kéré rẹ̀. Ní àárọ̀, kí o tó tan rédíò, kí o tó fọwọ́ kan ìwé ọ́fíìsì kankan, bọ́ bàtà, fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí wàá fi mọ̀ bóyá ilẹ̀ tutù tàbí kò tutù. Mí sínú láti imú, kí o mọ̀ pé ò ń mí. Mí síta, kí ó pẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Kò sí ohun mìíràn tí o fẹ́ ṣe. Ìrònú á dé, kò sí bí kò ṣe ní dé: ọ̀gá á sọ báyìí, àwọn àna á wò mí báyìí. Má lé e, má sì tẹ̀lé e. Sọ pé, “Ìrònú ni,” kí o padà sídìí èémí rẹ. Yóò tún gbé ọ lọ. Tún padà. Wàá rò pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe. Irọ́ ni, pípadà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Èmi náà ṣì ń padà títí di òní. Bí okùn yẹn bá wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo wà láàárín ọjà, ibi tí mo jókòó sí náà ni mo ti ń mí, tí àwọn oníbàárà á máa pè mí pé, “Mama, you dey sleep?”

Bí o kò bá lè jókòó, wá nǹkan tí ọwọ́ lè ṣe. O ò ní ààrò ní Èkó, ṣùgbọ́n o ní ṣẹ́ẹ̀tì. Má gbé e fún alágbàfọ̀, fọ̀ ọ́ fúnra rẹ. Gbọ́ bí omi ṣe ń dún, gbọ́ òórùn ọṣẹ, fi ìka wá ìdọ̀tí tó wà ní ọrùn rẹ̀ títí yóò fi kúrò. Bí ó bá mú ọ ní ọ́fíìsì, níwájú àwọn ọ̀gá, gbé ọwọ́ lé tábìlì, kí o bi ara rẹ ní ohun tí mo máa ń bi bàbá rẹ. Kí ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi? Pákó ni. Ó tutù. Nǹkan ti ha á níbí. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ò ń ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe ọjọ́ tó bá mú ọ nìkan ni kí o máa ṣe é o. Ọjọ́ tí ara rẹ bá balẹ̀ ni kí o kọ́ ọ, kí ọwọ́ rẹ lè mọ̀nà níjọ́ tí kò bá balẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹta nìyí tàbí ẹ̀kẹrin: fi ọtí sílẹ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ ní Àjíǹde kí a tó jẹun àárọ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń náwó epo ní Èkó á ní bíà á mú ara rẹ balẹ̀. Lóòótọ́, á mú un balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìwọ lo mọ bí ó ṣe ń rí ní àárọ̀.

Lọ rí dókítà. Ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mímí àti ẹja ran bàbá rẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì mọ̀ bóyá oògùn wà tí ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. A ò gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà rí, nítorí a ò fẹ́ kí ará ilé kankan rí wa lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù tí wọ́n ń pè ní ti wèrè. Ìtìjú ti dè é kó tó di pé okùn dè é. Wọ́n ní dókítà wà ní Èkó tó máa ń jókòó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, tí kì í de ènìyàn. Wá a lọ. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ọtí. Má sì retí pé yóò lọ pátápátá. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà lè ṣiṣẹ́, ó lè fẹ́ ìyàwó, ó lè tọ́ ọmọ. Èyí tí kò lè ṣe ni kó máa fi pamọ́ títí ayé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Yẹ́misí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ mi ní Pessu. Obìnrin tó mọ̀wà hù ni, ó ra ẹja lọ́wọ́ mi kó tó sọ ohun tó bá wá. Ó ní, “Ìyá Jídé, ẹ má bínú, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Kí ló ṣe bàbá ọmọ yìí?” Ibà ti wà lẹ́nu mi. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ débi pé ó ń jáde fúnra rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ẹja tó wà níwájú mi, mo mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀rù títí dé orí òǹgbẹ. Ó gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó dìde, ó sì fi ẹja tó rà sílẹ̀ lórí pẹpẹ mi. Mo mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Mo palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo gbà pé mo ti ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́, mi ò sì kábàámọ̀. Bínú sí mi bí o bá fẹ́.

Ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ni mi ò retí. Yẹ́misí fúnra rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tó ń béèrè ilé wa káàkiri Agbassa pẹ̀lú Pidgin Èkó tó ń pa àwọn ọmọ ibí lẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo rò pé ó wá dá òrùka padà.

Ó ní, “Màmá, ṣé òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ fún àǹtí mi?”

Mo ní òótọ́ ni.

Ó ní, “Ṣé ó ń ṣe Jídé náà?”

Mo ní ìwọ ló yẹ kó sọ ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì rò pé ẹ̀rù ló bà á. Ìbínú ni. Ó ní, “A jókòó níbi àpèjẹ, á dìde lójijì, á lọ. A wà ní sinimá, á lọ. Ooru ni, ooru ni, láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé ó ní obìnrin míì ni, Mà.”

Mo gbé àpótí fún un nídìí ààrò. Ó bá mi yí ẹja. Ó ya awọ púpọ̀ nínú rẹ̀, iná jó o ní ìka, kò sì ṣíwọ́. Ó bi mí bí mo ṣe máa ń jókòó ti bàbá rẹ, mo sì fi hàn án. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ ọ. Mo ti rí ohun tí ó ń ná obìnrin, mi ò lè fi ẹnu mi bẹ ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀. Òun ló sọ ohun tó máa ṣe: “Tó bá sọ fún mi fúnra rẹ̀, màá dúró. Tó bá tún pè é ní ooru, màá gbé òrùka sórí tábìlì, màá máa lọ.” Ó rọ̀ mí pé kí n má kọ ìyẹn sínú ìwé yìí, kí òun lè mọ ohun tó wà nínú rẹ. Mo ti kọ ọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni pa nǹkan mọ́ mọ́, mi ò sì lẹ ìwé náà pa. Bí ó bá kà á lọ́nà, ó kà á.

Ó ti ń wò ọ́ bí o ṣe ń kàwé, mo mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àyà rẹ máa já lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ sì ti máa wá ilẹ̀kùn. Bọ́ bàtà rẹ. Fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mí sínú, mí síta. Kí ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ? Ìwé ni, òórùn èéfín ẹja sì wà lára rẹ̀. Gbé e sílẹ̀ báyìí, kí o wo ojú rẹ̀, kí o sọ fún un pé kì í ṣe ooru.

Èmi ni ìyá rẹ,
nídìí ààrò tí bàbá rẹ fi sílẹ̀.